Mo fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe máa sin mí sílẹ̀, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ gbọ́

Ìyá_Ẹni61 (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ òkú ni mo gbé wá. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Nígbà tí ìyá mi kú, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni òkú wọn fi wà ní mọ́ṣúárì, bẹ́ẹ̀ owó wà nílẹ̀ o. Èmi ní màmá sọ fún mi pé kí wọ́n sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní irọ́ ni, pé màmá sọ fún òun pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Àbúrò wa obìnrin ní màmá bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n kúkú dáná sun àwọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ń sọ òótọ́! Ó ti wá yé mi báyìí pé ohun tó bá wà lọ́kàn màmá lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá wà níwájú wọn. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, ohùn ẹni tó le jù ló borí. Ọdún keje rèé, ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ò tíì jókòó pọ̀ nínú yàrá kan.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, ara mi sì le. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe àwọn ọmọ mi jókòó, mo ní ẹ jẹ́ ká sọ bí ìsìnkú mi ṣe máa rí. Àkọ́bí mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo táyà mọ́tò. Ó wo táyà fún wákàtí kan gbáko.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: ilẹ̀ ni àbí iná? Ṣé kí n san owó ẹ̀ sílẹ̀? Níbo ni kí n kọ ọ́ sí tí kò fi ní í dìjà?

Gbólóhùn_Kan

Màmá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Ẹ yéé pe ohun tí kò tíì pè yín.

Ìyá_Ẹni61

Àmín o. Ṣùgbọ́n àwáyé-ìkú kò sí, àbúrò mi. Mi ò pè é, mo kàn ń palẹ̀ mọ́ ni.

Olùtọ́jú_Iná

Ẹ kú àròjinlẹ̀, Màmá. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dáná sun òkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ẹni tó ń sá fún un àti ẹni tó ń sáré sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ̀rọ ni. Ó ní yàrá kékeré kan nínú, bíríkì tí iná ò lè yọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n, gáàsì ló sì sábà máa ń mú un gbóná. Ooru ibẹ̀ máa ń wà láàárín 760 sí 1,000 lórí ìwọ̀n Celsius. Òkú kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, tòun ti pósí ẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan ààbọ̀, ó lè gba mẹ́ta. Ó kù sí bí ara ẹni náà ṣe tóbi tó àti bí igi pósí ṣe nípọn tó.

Ohun tó máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu ni pé nígbà tí iná bá kú, egungun la máa ń bá. Ó ti funfun, ó sì ń fọ́ lọ́wọ́ bíi ṣọ́ọ̀kì. A máa dúró kó tutù, a máa fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa ìṣó pósí kúrò, a máa yọ irin tí dókítà fi sí itan tàbí orúnkún, lẹ́yìn ìyẹn la máa da ìyókù sínú ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní eérú, àmọ́ ó jọ iyanrìn ju eérú ààrò lọ. Ti àgbàlagbà máa ń tó kílò méjì sí mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan wà tí mo gbé ti bàbá ẹ̀ lé lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan ló nà, ó ti rò pé ó máa fúyẹ́.

Ẹ sọ èyí fún ẹni tó máa bójú tó o: tí ẹ bá ní ẹ̀rọ pacemaker láyà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti máa lù, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí wọ́n tó gbé yín wá sọ́dọ̀ wa. Bátìrì ẹ̀ máa ń bú gbàù nínú iná.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbà kí a sun òkú pọ̀ ju ti sàréè lọ. Òkú tó wà nínú ilẹ̀, wọ́n ṣì lè hú u jáde tí ọlọ́pàá bá ní ìbéèrè. Èwo ni wọ́n fẹ́ hú lọ́dọ̀ tiwa?

Ọmọ_Ìkẹyìn

Ẹ̀gbọ́n, ṣé dandan ni kéèyàn ra pósí olówó ńlá tí iná máa jó?

Olùtọ́jú_Iná

Rárá o. Níbi púpọ̀, páálí líle tó lè gbé ara ẹni náà ti tó. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1984, Funeral Rule ni wọ́n ń pè é. Ó ní ilé iṣẹ́ ìsìnkú gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí iye owó ohun kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹ bá béèrè lórí fóònù. Wọn ò gbọdọ̀ fi dandan mú yín ra pósí tó bá jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà sun òkú náà lẹ fẹ́. Tí ẹ bá sì ra pósí níbòmíràn wá, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ bu owó lé yín.

Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ẹ fẹnu ara yín béèrè. Ẹni tó bá ń sáré sọ àròpọ̀ owó fún yín láìtú u palẹ̀, ẹ dìde níwájú ẹ̀. Ibi ìkunlóògùn ni wọ́n ti ń jẹ èèyàn jù. Oògùn yẹn ń fa ọwọ́ ìdíbàjẹ́ sẹ́yìn fúngbà díẹ̀ ni, kò sí òkú tó ń tọ́jú títí ayé. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa sin ín kíákíá, tàbí tí yìnyín bá wà, ẹ bi wọ́n pé kí la fẹ́ fi oògùn ṣe.

Alfa_Kékeré

Àsàláámù àlékùm. Fún àwa Mùsùlùmí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ní ìdáhùn: kò sí iná níbẹ̀. Wọ́n á wẹ òkú, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, ìpele mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì tètè sin ín.

Àmọ́ ẹ má rò pé torí ẹ̀sìn ti ṣètò ẹ̀, kò sóhun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ kọ gbèsè. Èyí tí ẹ jẹ, èyí tí wọ́n jẹ yín. Nínú ogún wa, owó ìsìnkú ló kọ́kọ́ ń jáde, gbèsè ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àsọọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí olóògbé ní kí wọ́n fún ẹni tí kì í ṣe ajogún, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kó tó kan àwọn ajogún. Mo wà nílé ọ̀fọ̀ kan tí ọkùnrin kan dìde, tó ní olóògbé jẹ òun lówó. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú. Wọ́n san án ṣá, ṣùgbọ́n títí dòní wọn ò mọ ẹni tí wọ́n sanwó fún, olóòótọ́ àbí gbájúẹ̀.

Onírósárì

Ìjọ Kátólíìkì ti fàyè gba sísun òkú láti 1963, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ní 2016, Vatican tún là á mọ́lẹ̀ pé ibi mímọ́ ni kí eérú náà wà. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ tàbí sínú omi, wọn ò sì fẹ́ ẹ lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ ẹni. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ò gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Júù tó rọ̀ mọ́ òfin wọn gan-an. Iná sì ni ti àwọn Híńdù. Ní Japan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òkú tí wọn kì í sun.

Ẹni tí mo máa ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu. Baba yẹn ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: pósí tó bá rọjú jù lọ ni kí wọ́n rà, kí wọ́n má náwó yàlàyòlò. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn fún wọn ní Cape Town, January 1, 2022, pósí igi lásán ni gbogbo ayé rí, òdòdó kékeré kan látọ̀dọ̀ ẹbí sì ni wọ́n gbé lé e. Wọn ò fi iná sun wọ́n. Omi gbígbóná tí wọ́n po èròjà potassium hydroxide mọ́ ni wọ́n lò, òun ni wọ́n ń pè ní aquamation. Ó ń tú ẹran ara, egungun nìkan ló sì máa ń ṣẹ́ kù, èyí tí wọ́n máa lọ̀ bíi ti iná. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn ni wọ́n tẹ́ eérú náà sí. Èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀! Ká ní wọn ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ta ló jẹ́ dábàá pósí igi lásán fún wọn?

Lọ́yà_Alẹ́

Màmá, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín kẹta, ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí, torí ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún nìkan. Ìgbà wo ni wọ́n ń ka ìwé ìhágún? Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin òkú tán ni. Mo ti ka èyí tó ní “kí ẹ sun mí” fún àwọn ọmọ tí yẹ̀pẹ̀ sàréè ṣì wà ní bàtà wọn.

Kì í sì í ṣe àwa mẹ̀kúnnù nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Franklin Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà jókòó ní 1937, ó kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí bó ṣe fẹ́ kí wọ́n sin òun. Pósí igi lásán, kí wọ́n má kun òun lóògùn, kí wọ́n má fi bíríkì tàbí sìmẹ́ǹtì mọ inú sàréè. Ó tọ́jú ìwé náà sínú séèfù ara ẹ̀. Ó kú ní April 12, 1945, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n tó rí ìwé. Wọ́n ti kun ún lóògùn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ti ṣe. Ààrẹ tó ní akọ̀wé, tó ní ẹ̀ṣọ́, tó ní ìyàwó!

Ohun kejì: níbi tí wọ́n ti ń lo òfin tó ṣẹ̀ wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú kì í ṣe dúkìá, ẹ ò lè fi òkú yín jogún fún ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ Williams àti Williams ní 1882 ló fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Crookenden kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé òkú òun fún ọ̀rẹ́ òun obìnrin tó ń jẹ́ Williams, kí obìnrin náà sun ún, kí wọ́n sì san owó tó bá ná padà fún un. Ẹbí yarí, wọ́n sin ín. Obìnrin yìí gba ìwé àṣẹ, ó hú òkú, ó gbé e lọ sí Milan ní Ítálì, ó sun ún níbẹ̀, torí kò tíì síbi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. 1885 ni wọ́n sun òkú àkọ́kọ́ ní Woking, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ó wá lọ sí kóòtù pé kí wọ́n san owó òun. Kóòtù ní rárá, pé ẹni tí olóògbé yàn láti bójú tó ìwé ìhágún ẹ̀ ló láṣẹ lórí òkú, ohun tí olóògbé kọ ò sì de ẹni náà lọ́wọ́.

Kí ni mo ń sọ? Ìwé yín á ran ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lọ́wọ́. Ẹni tí kò fẹ́ ṣe é, ìwé ò lè mú un. Nítorí náà, èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan iná tàbí ilẹ̀. Ẹ fi ẹni yẹn ṣe alábòójútó ìwé ìhágún yín. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé kan tún wà lọ́tọ̀ tí ẹ lè fi yan ẹni tó máa láṣẹ lórí òkú yín. Ẹ bi lọ́yà ọ̀dọ̀ yín bóyá irú ẹ̀ wà. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn ọmọ pé lágbájá ni. Ẹ̀dà ìwé mẹ́ta ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀kankan nínú séèfù tí ẹ̀yin nìkan mọ nọ́ńbà ẹ̀.

Gbólóhùn_Kan

Ọ̀rọ̀ Roosevelt yìí dùn mí. Mo gba ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà.

Owó_Mi_Dà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí ó jó mi lára. Mo san owó ìsìnkú mi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́rin. Mi ò ní dárúkọ wọn. Lọ́jọ́ kan mo pe nọ́ńbà wọn, kò lọ. Mo dé ọ́fíìsì wọn, oníṣòwò àga ti gba ibẹ̀, ó tilẹ̀ ní kí n jókòó kí n tẹ àga wò. Pépà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó dára gan-an, ó ní rìbọ́ọ̀nù.

Bí ẹ bá máa sanwó sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: lọ́wọ́ ta ni owó yìí máa wà títí màá fi kú? Tí wọ́n bá ní nínú àpò àwọn, ẹ kọjá. Ó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò lè fi ṣòwò, tàbí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Kí lohun tí owó náà ò kárí? Ilẹ̀ sàréè máa ń wà lọ́tọ̀, owó ìwé náà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kó lọ síbòmíràn, ṣé ó máa bá mi lọ? Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba kí ìyà jẹ àwọn èèyàn kí ìjọba tó dá sí i: láti July 29, 2022, ilé iṣẹ́ tí FCA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìṣúná níbẹ̀, ò bá fún níwèé àṣẹ ò gbọdọ̀ ta irú ètò yìí mọ́.

Ohun tí mo ṣe báyìí ò le. Mo ṣí àkáǹtì kan, èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ ni ín. Orúkọ tèmi nìkan ì bá wà lórí ẹ̀, báńkì á tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé mo kú, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì máa nílò ẹ̀.

Lọ́yà_Alẹ́

Ó dáa, àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn lè ná an kí ẹ tó kú.

Owó_Mi_Dà

Mo mọ̀. Mo fara mọ́ ọmọ mi ju oníríbọ́ọ̀nù lọ.

Ọmọ_Ìkẹyìn

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Èmi náà ti wo táyà rí.

Nígbà tí bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde, wọ́n pè wá sí pálọ̀, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wọ awò ojú. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé dókítà ti sọ nǹkan fún wọn tí wọ́n fi ń pa mọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ, ojú wọn ni mo ń wò bóyá wọ́n ti rù. Bóyá ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n wa àkọ́bí náà nìyẹn. Ṣé ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ara yín le?

Ìgbà kejì, inú mọ́tò ni. Èmi ni mò ń wakọ̀, òjò ń rọ̀, wáípà ń lọ ń bọ̀. Wọ́n kàn ní, “Èwo lo rò pé ó máa rọrùn fún ẹ nínú kó o máa wá sí sàréè mi àti kó má sí sàréè?” Wọn ò sọ ohun táwọn fẹ́ o, èmi ni wọ́n bi. Bóyá torí pé ojú ọ̀nà ni mò ń wò ni mo fi rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní mi ò ní lè máa wá. Wọ́n ní àwọn náà ti rò bẹ́ẹ̀. Ká tó délé, a ti sọ ọ́ tán.

Ìyá_Ẹni61

Háà. Mi ò sọ fún wọn pé ara mi le. “Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ” ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo tún ti ilẹ̀kùn.

Olùtọ́jú_Iná

Màmá! Ìwọ̀nba táyà tó wò yẹn tiẹ̀ kéré.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ fi kún un. Ẹ kọ ètò kejì, fún bóyá ọ̀nà jíjìn ni ẹ kú sí. Òkú tó bá kú sọ́nà jíjìn, owó àti ìwé tí wọ́n fi ń gbé e wálé lè tán ẹbí lókun, nígbà tó jẹ́ pé eérú, ẹnì kan lè gbé e sí ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, tòun ti ìwé ẹ̀rí. Ike tàbí igi ni kí ẹ fi gbé e o, ẹ má fi irin gbé e, kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò pápákọ̀ lè rí inú ẹ̀.

Ìyá_Ẹni61

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Ilẹ̀ ni mo mú. Tí mo bá kú sí òkèèrè, kí wọ́n sun mí níbẹ̀ kí wọ́n gbé mi wá sínú ilẹ̀ kan náà. Pósí igi lásán. Mi ò sanwó fún ilé iṣẹ́ kankan, mo ṣí àkáǹtì bíi ti Owó_Mi_Dà. Ọmọ mi kejì, obìnrin, ni mo yàn, torí òun ni kì í pariwo tí kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún àkọ́bí. Mo ní kó gbé mi lọ ra nǹkan. Nínú mọ́tò, mo ní, “Ara mi le o, kò sóhun tó ń ṣe mí.” Ó ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ òkú yẹn náà ni?” Mo ní òun ni. Kò sọ nǹkan kan. Kò kúkú ríbi sá sí, òun ló ń wakọ̀.

Mo sọ fún un pé àbúrò ẹ̀ ni mo yàn. Ó ní ìyẹn dáa, torí tó bá jẹ́ òun, òun á kàn máa sunkún kiri ni. Ọmọ ọkùnrin yìí! Mi ò tíì rí ẹkún lójú ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Mo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, mo lẹ ìkẹrin mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi. Àkọ́bí mi pè mí láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún ni. Ó ní, “Màmá, mo ti kà á. Mo ka ojú ìwé kìíní. Ìkejì, mi ò mọ ohun tí ẹ kọ, bí ẹni pé adìyẹ ló fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ.”

Lọ́yà_Alẹ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, Màmá. Kí ẹ sì kọ déètì sí i.